Igò Kẹrin: Ọjọ́ Tí A Rí Mẹ́kúrì Níbi Tí Kò Sí

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni mo pe Màmá lórí fóònù pé kí wọ́n má bu omi kànga wọn mu mọ́. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èmi ni mo jókòó kọ èyí, torí àwọn ọmọ láàbù ti ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣi igò mú, ó parí. Òótọ́ ni, ó ṣi igò mú. Ṣùgbọ́n igò kì í pe èèyàn lórí fóònù.

Ilé-Ifẹ̀ ni láàbù wa wà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. "Ọ̀gá Láàbù" làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ni láàbù. Kọ́kọ́rọ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni tèmi. Màmá tí mò ń wí yìí, àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Wọ́n ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, odò kékeré kan sì gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá. Ẹni tó bá mọ apá Itagunmodi àti Igun á mọ irú ilẹ̀ tí mò ń sọ: ilẹ̀ pupa, kòkó, ọ̀pẹ, àti ihò àwọn tó ń wa wúrà. Wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Àwọn òyìnbó ti ń wà á kí a tó gba òmìnira.

Mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, ló ń bà wá lẹ́rù. Níbi púpọ̀ láyé tí wọ́n ti ń fọwọ́ wa wúrà, wọ́n máa ń da mẹ́kúrì lé iyanrìn dúdú tó bá kù sínú igbá, mẹ́kúrì á lẹ̀ mọ́ wúrà, wọ́n á wá fi iná sun ún: mẹ́kúrì á bá èéfín lọ, wúrà á kù. Èyí tó bá dà sílẹ̀ nígbà fífọ̀ á bá omi lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lábúlé Màmá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí òjé inú òkúta wúrà ti pa ọmọdé tó lé ní 400, kò ní dúró de ẹni tó máa sọ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe másítà ló mú iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Omi láti ibi mẹ́fà, kànga mẹ́rin àti odò lẹ́ẹ̀mejì, lókè ibi tí wọ́n ti ń fọ wúrà àti nísàlẹ̀ ẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ju pé mẹ́kúrì wà nínú omi lọ. Ẹ̀rọ AAS, tó ń ka iye irin tó wà nínú omi, lè sọ ìyẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, àwọn ẹyọ tín-ín-rín tó para pọ̀ di ara ohun abẹ̀mí, ìyẹn sì gba pé kí sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun tí a fi ń mú sẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀, "probe" là ń pè é láàárín ara wa. Aró ni màá pè é níbí, torí aró náà ni, àfi pé aró tó ń sùn ni. Ẹbí rhodamine ni, àwọ̀ píńkì tó máa ń ta yòò yẹn. Nínú irú tiwa, àwọn tó ṣe é ti pa òrùka kan dé sí àárín ẹ̀. Bí òrùka yẹn bá wà ní pípadé, aró kò ní àwọ̀, kò sì ní tàn. Omi lásán lo máa pè é. Wọ́n wá fi imí-ọjọ́ há ẹnu ọ̀nà. Mẹ́kúrì kì í rí imí-ọjọ́ kó mójú kúrò. Á já a gbà, òrùka á ṣí, aró á jí. Nígbà náà, tí o bá tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé sí i, á dá ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú padà fún ọ. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ní Kòríà Gúúsù ló gbé irú aró yìí jáde lọ́dún 2005, ọ̀pọ̀ láàbù sì ti tún un ṣe lóríṣiríṣi láti ìgbà náà. Bó bá ti jí báyìí, kì í sùn mọ́, torí imí-ọjọ́ tó lọ ti lọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ tún fi ọ̀kan sí i. Roger Tsien, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó pín ẹ̀bùn Nobel kẹ́místrì lọ́dún 2008, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ṣe aró kan tó ń jẹ́ fura-2 lọ́dún 1985, láti máa wo kálísíọ́ọ̀mù nínú sẹ́ẹ̀lì. Títí dòní ni wọ́n ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí òjé tàbí kádíọ́ọ̀mù bá wọlé, á lé kálísíọ́ọ̀mù dìde lórí àga, á jókòó síbẹ̀, aró á sì yí bákan náà. Aró ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọdọọdún ni mo ń sọ èyí fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, tí mo sì máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ gbé omi. Ibi kọ̀ọ̀kan, igò méjì. Igò àkọ́kọ́, a ó kán ásíìdì náítíríìkì sí i níbẹ̀, torí bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, irin inú omi á lẹ̀ mọ́ ara igò, ẹ̀rọ AAS ò sì ní rí i. Igò kejì, a ò ní kán nǹkan kan sí i. Ti sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Igò méjìlá, ìrísí kan náà, ìdérí kan náà. A fi báírò kọ nọ́ńbà sórí bébà alálẹ̀mọ́, a kó gbogbo ẹ̀ sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn tírélà kan dábùú ọ̀nà, oòrùn sì mú. Yìnyín yọ́. Nígbà tí a dé, bébà igò mẹ́ta ti ṣí, wọ́n ń léfòó lórí omi kúlà bí ewé. Ọmọ náà tún wọn lẹ̀. Ó mọ àwọ̀ omi odò dáadáa, ìyẹn kò ṣòro. Igò kẹrin tó jẹ́ ti kànga Màmá, méjèèjì mọ́ lóló bákan náà. Ó mú ọ̀kan ó pè é ní ti ásíìdì, ó pe èkejì ní ti sẹ́ẹ̀lì. Kò sọ fún mi. Èmi náà ò bi í.

Ọjọ́bọ̀ la ṣe sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ HepG2 là ń sìn, tó ṣẹ̀ wá láti ara ọmọkùnrin ọdún 15 kan ní Ajẹntínà tí jẹjẹrẹ mú lẹ́dọ̀. Ọmọ náà da ìdá kan omi abúlé mọ́ ìdá mẹ́rin omi iyọ̀, ó bu aró tín-ín-rín sí i, ó fi àwọn àwo rẹ̀ sínú ooru fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwo kan wà tó jẹ́ omi iyọ̀ nìkan. Àwọn kan wà tí a fọwọ́ ara wa da mẹ́kúrì sí, èyí tó kéré jù níbẹ̀ tó sì tàn jẹ́ máíkírómólà kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sí àwo tí a da ásíìdì sí. Ta ló máa rò ó?

Omi iyọ̀ tí wọ́n máa ń fi sin sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń ní phenol red nínú: pupa ni bó bá wà dáadáa, á di yẹ́lò bó bá ti kan. Ojú lásán lo máa fi rí i. Ṣùgbọ́n phenol red máa ń da ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ mọ́ ohun tó ò ń wò, nítorí náà èyí tí kò ní in la lò. Èmi ni mo sọ pé kí a lò ó. Mo sì tún sọ ọ́ bí ẹni tó gbọ́n.

A pa iná yàrá. Maikirosikóòpù wa ti dàgbà, gílóòbù oníná àtijọ́ ló ń lò, mẹ́kúrì ló sì wà nínú gílóòbù náà; ìmọ́lẹ̀ 546 nánómítà tó ń ti ara mẹ́kúrì yẹn jáde gan-an ló ń jí rhodamine. Ẹni tó ń fi mẹ́kúrì wá mẹ́kúrì ni wá. Àwo omi iyọ̀: òkùnkùn, àfi àwọn ẹ̀ka pupa kéékèèké mélòó kan nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bí ata gígún tó tà sára aṣọ dúdú. Mo ní ìdọ̀tí aró ni. Kànga kìíní, bákan náà. Kejì, bákan náà. Kẹta, bákan náà. Odò lókè, odò nísàlẹ̀ níbi tí ọkàn mi wà, òkùnkùn. Ọmọ náà ti ń mí kanlẹ̀. Ó wá gbé àwo kẹrin sábẹ́ awò.

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló tàn. Kì í ṣe ẹ̀ka ẹ̀ka. Odindi sẹ́ẹ̀lì, etí dé etí, pupa bí ẹyin iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Àwọn kan ti ká jọ róbótó, bí sẹ́ẹ̀lì tí májèlé mú ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà yí ojú sí mi. "Ọ̀gá," ó ní, "kànga ilé Màmá yín nìyí." Ẹni tó dúró sẹ́yìn wa, òmíràn lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá wúrà ló ń tàn. Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ká ní gbogbo àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló tàn ni, mi ò bá ti fura. Pé ọ̀kan ṣoṣo ló tàn ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́.

Mo jáde sí kọ́ríídọ̀, mo pe Màmá.

"Omi wo?" wọ́n bi mí. "Omi kànga tí mo fi wẹ̀ ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní májèlé wà nínú ẹ̀, irú èyí táwọn tó ń fọ wúrà máa ń lò. Mo sọ gbólóhùn yẹn. Mi ò lè sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló fi sí mi lẹ́nu.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá ti fi páànù dé kànga, wọ́n ti gbé òkúta lé e, àdúgbò sì ti gbọ́. Ọmọkùnrin kan wà tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé wọn, tó ń bá àwọn awakùsà fọ wúrà, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń bá wọn fa omi láràárọ̀. Àwọn kan lọ bá a lálẹ́ ọjọ́ náà pé kó wá sọ ohun tó dà sínú kànga ìyá oníyàá. Kí ojúmọ́ tó mọ́, ó ti kó ẹrù ẹ̀.

Mi ò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn. Mi ò tíì gbọ́ nígbà náà. Ìṣirò ló gba oorun lójú mi. Àwo tó kéré jù tó tàn nínú àwọn tí a fọwọ́ ara wa da mẹ́kúrì sí jẹ́ máíkírómólà kan, ìyẹn bí igba máíkírógíráàmù nínú lítà kan. Omi kànga tí a lò, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Kí àwo kẹrin tó tàn tó bẹ́ẹ̀, mẹ́kúrì inú kànga Màmá á ti tó ẹgbẹ̀rún máíkírógíráàmù nínú lítà kan, ó kéré tán. Máíkírógíráàmù 6 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi ààlà sí fún omi mímu. Ìlọ́po tó lé ní 160! Màmá ti ń mu omi yẹn láti ọdún tí mo wà ní kíláàsì kejì, wọ́n ṣì ń gun òkè lọ sóko. Odò tí wọ́n ti ń fọ wúrà gan-an kò tàn. Báwo ni mẹ́kúrì ṣe máa fo odò, kó fo kànga mẹ́ta, kó wá bà sínú ẹyọ kan?

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo dé láàbù kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo gbé ohun tó kù nínú igò kẹrin. Ọwọ́ mi ò balẹ̀, díẹ̀ dà sílẹ̀ lórí tẹ̀ràsó. Mo fẹ́ nù ún kí n tó rí i pé ó ń hó. Kò pọ̀, ìfófòó wẹ́wẹ́ kan lásán lórí àwọn òkúta funfun inú tẹ̀ràsó, bí ẹnu akàn. Omi kànga kì í jẹ òkúta. Mo ki bébà tí a fi ń dán ásíìdì wò bọ inú igò: ó pọ́n wẹ̀ẹ̀, láàárín 1 sí 2; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó. Mo ki òmíràn bọ àwo kẹrin tó kù nínú fíríìjì: 4. Mo jókòó.

Aró rhodamine yẹn, mẹ́kúrì nìkan kọ́ ló ń ṣí òrùka ẹ̀. Ásíìdì náà ń ṣí i. Ó wà nínú ìwé, ẹni tó bá ti lo ẹbí aró yìí rí mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀ka pupa tí mo pè ní ìdọ̀tí nínú àwo tó dára, kì í ṣe ìdọ̀tí. Láísósómù ni, àpò kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì fi ń da oúnjẹ, tí inú wọn kan tó 4.5 sí 5. Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ti ń sọ fún mi pé aró yìí máa ń jí fún kíkan, nínú gbogbo àwo, títí kan èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Mo wò ó, mo pè é ní ata.

Nígbà tí ọmọ náà dé, mi ò sọ fún un ohun tí mo rí. Mo ní kó gbé túùbù mẹ́ta. Nínú àkọ́kọ́, omi igò kẹrin àti aró. Nínú ìkejì, omi mímọ́ tí a kán ásíìdì náítíríìkì sí, àti aró. Nínú ìkẹta, omi mímọ́, mẹ́kúrì tí a mọ iye ẹ̀, àti aró. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di píńkì, ẹnikẹ́ni ò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Mo ní kó wá bu sódíọ́ọ̀mù báíkábónéètì, tó máa ń pa kíkan ásíìdì, sí i díẹ̀díẹ̀. Túùbù àkọ́kọ́ hó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Kí n tó ka ọgọ́ta, omi lásán ló kù. Ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ìkẹta dúró ní píńkì. A bu sí i. Ó dúró. A fi sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ṣì dúró. Ọmọ náà wo túùbù, ó wo mi, ojú ẹ̀ kún fún omi. Ó wá sọ nípa bébà tó ṣí nínú kúlà.

Mi ò bá a wí. Pẹ̀lú ojú wo?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa méjèèjì lọ sábúlé. Mo dọ̀bálẹ̀, ọmọ náà kúnlẹ̀. Màmá ní ká dìde ká jẹun, ìsápá funfun pẹ̀lú ẹ̀gúsí ni wọ́n sè, omi inú ọ̀rá ni wọ́n sì fi sè é, owó tí wọn ò ní. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa fi Yorùbá sọ òrùka tó ń ṣí, ni mo bá bi wọ́n nípa ìsápá pupa, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Mo ní, "Màmá, bí ẹ bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí omi ẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n ní á pọ́n sí i. "Bí ẹ bá fi kán-ún sí i ńkọ́?" Wọ́n ní àwọ̀ ẹ̀ á bàjẹ́, á ṣókùnkùn bí omi ewé. Mo ní irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí wa. Kíkan ló yí àwọ̀, àwa fúnra wa la sì gbé kíkan náà wá láti Ifẹ̀.

Wọ́n dákẹ́. "Ṣé wàá lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yẹn?" Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ nípa ọmọkùnrin tó háyà yàrá. Fóònù ẹ̀ kò lọ. Mo lọ sí ilé àwọn tó bá a jà, ilé mẹ́ta, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣìṣe. Ọ̀kan nínú wọn ní kò burú, ó ti ń wá ẹ̀sùn sí i lọ́rùn tẹ́lẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju kó bú mi lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò tíì rí ọmọkùnrin náà.

A tún omi gbé. Lọ́tẹ̀ yìí a fi bébà dán igò kọ̀ọ̀kan wò lójú Màmá kí a tó dé e. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, àwo kẹrin dúdú bí àwọn yòókù, pẹ̀lú ẹ̀ka ata wọn. Ṣùgbọ́n ojú mi ti là; mi ò gba dúdú náà gbọ́ bẹ́ẹ̀. Omi kànga lè ní ohun tó ń dì mọ́ mẹ́kúrì, tí aró ò fi ní rí i. Nítorí náà a fọwọ́ ara wa da mẹ́kúrì sínú omi kànga Màmá gan-an, a sì tún gbé e fún sẹ́ẹ̀lì. Ó tàn, a bu báíkábónéètì sí èyí tó wà nínú túùbù, kò ṣá. Ó túmọ̀ sí pé bí mẹ́kúrì bá wà nínú kànga yẹn níye tí aró lè rí, aró á rí i. Níye tí aró lè rí: ẹ kà á dáadáa. Ààlà WHO ṣì jìnnà sísàlẹ̀ sí ojú aró wa. Ìyẹn ni igò alásíìdì wà fún. A gbé àwọn yẹn lọ sí láàbù mìíràn tó ní ẹ̀rọ AAS tí wọ́n fi ń ka mẹ́kúrì ní èéfín tútù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé pé mẹ́kúrì kànga Màmá kò tó ohun tí ẹ̀rọ náà lè kà, ẹ̀rọ náà sì ń kà á dé ìsàlẹ̀ ààlà yẹn.

Mo pe Màmá, mo ní kí wọ́n ṣí kànga. Mo sọ fún wọn pé odò ò sí nínú ohun tí mo sọ, kí wọ́n má mu ún, kí wọ́n má sì jẹ́ káwọn ọmọ máa pa ẹja níbẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ wúrà. Ní Minamata lórílẹ̀-èdè Japan, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kéde àìsàn náà lọ́dún 1956, inú ẹja ni mẹ́kúrì gbà dé ara èèyàn, irú mẹ́kúrì míì ni, èyí tí aró wa ò ṣe fún. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Wọ́n wá bi mí bóyá igò méjì yẹn jọra ni.

Mo ní wọ́n jọra.

"Ìgò epo òyìnbó àti ìgò omi nínú ilé mi, wọ́n jọra," Màmá ní. "Òwú pupa ni mò ń so mọ́ ọrùn ti epo òyìnbó láti ìgbà tí ẹ ti wà lọ́mọdé, káwọn ọmọ má baà mu ún. Ṣé ẹ kì í ra òwú ní Ifẹ̀ ni?"

Ọmọ náà ra òwú lọ́jà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì, lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ásíìdì.